Nítìn nínú ooru Ìbàdàn: kí la lè hun tí yóò parí, tí yóò sì wúlò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ̀níyà ni mo ń gbé. Wọ́n kọ́ wa ní nítìn, ìyẹn fífi pínnì méjì hun okùn di aṣọ, nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nínú iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ bímọ láìpẹ́, ó sì ń wù mí kí n hun nǹkan fún un. Bí mo ṣe sọ ọ́ jáde nílé báyìí ni ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Bàbá àwọn ọmọ ní nínú ooru Ìbàdàn yìí, ta ni mo fẹ́ wọ wúùlù fún? Ọmọ mi obìnrin ní bí mo bá máa ṣe é, kí n kúkú kọ́ kúróṣè, èyí tí a ń fi pínnì kan ṣoṣo tó ní ìkọ́ lẹ́nu hun, torí òun ló ń mówó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tiẹ̀ dá ara mi láàmú? Kí ni nǹkan kékeré tí mo lè hun tí mo sì lè parí, tí yóò wúlò fún èèyàn?

* * *

Ẹ hun ún, mà. Mo fẹ́ kí ìdáhùn yẹn kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ ooru tí bàbá sọ, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Sùwẹ́tà àgbàlagbà tó nípọn, inú àpótí ni yóò pẹ́ sí jù nílùú yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jáde ní ìdájí nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, mọ̀ pé Ìbàdàn ń tutù. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ náà ńkọ́, nígbà tí ojú ọjọ́ máa ń ṣú látàárọ̀ tí oòrùn kì í ráyè yọjú? Àgbà lè fa aṣọ bora. Ọmọ tuntun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ kò tíì mọ bí yóò ṣe pa ooru mọ́, orí rẹ̀ sì tóbi tí a bá fi wé ara rẹ̀ yòókù, ooru púpọ̀ lè gba ibẹ̀ sá jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí aboyún ra fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ ìbora sílẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ló ń lọ, ì báà jẹ́ ilé ìgbẹ̀bí kékeré àdúgbò.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe wúùlù nìkan la lè fi pínnì hun. Òwú wà. Lára àwọn ìbọ̀sẹ̀ tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí wọ́n fi pínnì hun, tí wọ́n ṣì ń rí dòní, ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n ti wá, ó ti lé ní 700 ọdún, òwú sì ni wọ́n fi hun wọ́n. Ilẹ̀ gbígbóná ni Íjíbítì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní iṣẹ́ àwọn ará ilẹ̀ òtútù nìkan ni nítìn, ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró.

* * *

*Ẹnì kan tó dá sí ọ̀rọ̀ náà láti Bódìjà ní síkáàfù ọrùn ni kí ìyá fi bẹ̀rẹ̀, torí pìléènì lásán, ìyẹn híhun tó rọrùn jù, ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti fara mọ́ ọn.*

Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo ìwé ìkọ́nílẹ́kọ̀ọ́ ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ibi tí òtútù ti ń gba oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti kọ ọ́. Síkáàfù lè gùn tó mítà kan àbọ̀. Gbogbo ìlà rẹ̀ jọra. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì yá yóò hun títí, kò ní rí ibi tó ń lọ, ọyẹ́ á ti kọjá, á ká a sínú àpò ọ̀rá, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá wọ ilé mẹ́wàá tí wọ́n ti gbìyànjú nítìn rí ní Ìbàdàn, ẹ ó rí irú àpò ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ní púpọ̀ nínú wọn, pínnì ṣì wà nínú ohun tí wọ́n ń hun lọ́wọ́. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló gùn jù.

Aṣọ kékeré onígun mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ó fi máa wẹ ọmọ. Ẹ ra òwú tó nípọn díẹ̀, kì í ṣe òwú ìránṣọ o. Pínnì 4 mm tàbí 4.5 mm. Ẹ kó ojú 40, ìyẹn òrùka okùn 40, sórí pínnì, kí ẹ máa hun pìléènì ní gbogbo ìlà, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Bí a bá hun ún báyìí, iwájú àti ẹ̀yìn aṣọ á jọra, etí rẹ̀ ò sì ní máa ká kò. Èyí tí a ń hun pìléènì lápá kan tí a ń hun pọ́ọ̀lù, ìdàkejì pìléènì, lápá kejì, òun ló máa ń ká etí, òun ló sì ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àwọn ti ba nǹkan jẹ́ nígbà tí kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ ò nílò rúlà. Ẹ ó rí i pé ìlà méjì méjì ń di òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ síta. Bí ẹ bá ka òkè 40, ìyẹn ìlà 80, aṣọ náà ti di onígun mẹ́rin, torí nínú irú híhun yìí ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti òkè kan lóròó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí ẹ pa ojú rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ dì í kó má baà tú, ó parí. Ìrọ̀lẹ́ mélòó kan ni, kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ti wẹ ọmọ tuntun rí mọ̀ pé kànrìnkàn le jù fún awọ ara ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Òwú híhun rọ̀, ó ń gba omi, ẹ lè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí láì bẹ̀rù.

Ìdùnnú tó wà nínú kí nǹkan parí lọ́wọ́ ẹni, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wé. Ẹ ó tẹ́ ẹ sórí itan, ẹ ó fà á, á fà, á tún padà. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, látorí okùn kan ṣoṣo.

* * *

*Láti Àpáta: "Kí lẹ ń ra pínnì fún? Ìgbálẹ̀ la fi kọ́ ọ nílé-ìwé. Nígbà tó yá a lo wáyà kẹ̀kẹ́. Kò sóhun tó ṣe wá."*

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ọ̀pọ̀ wa la fi ìgbálẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó jáde nígbà náà. Wáyà kẹ̀kẹ́ kì í nípọn ju 2 mm lọ púpọ̀. Wúùlù tí wọ́n ń tà lọ́jà wa báyìí, pínnì 4 mm ló bá a mu. Bí ẹ bá fi wáyà hun ún, ojú á fún mọ́ra gírígírí, aṣọ á gan, ọwọ́ á máa ro yín. Ẹni tó bá ní nítìn ń dun òun lọ́rùn ọwọ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé irú pínnì wo ló ń lò. Ẹnu wáyà tún mú, kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ọmọdé.

Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ọparun ni kí ẹ wá. Ẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ gbẹ́ ẹ yípo, kí ẹ fi sáńdípépà ha á títí tí kò fi ní kọ́ aṣọ mọ́, kí ẹ wá fi àbẹ́là pa á lára. Ẹ lẹ ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí bọ́tìnì mọ́ ìdí rẹ̀ kí ojú má baà máa yọ́ bọ́ sílẹ̀. Ọparun tiẹ̀ dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ju irin lọ, torí kì í yọ̀, ojú á dúró síbi tí ẹ fi í sí. Tí ọwọ́ bá ti yá, irin á wá wù yín nítorí eré rẹ̀ àti ìró rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìró yẹn gan-an.

* * *

*Àwọn méjì ló béèrè ibi tí wọ́n ti lè ra wúùlù. Ẹnì kan dáhùn pé èyí tí wọ́n fi ń kó irun náà ni, ó sì dín lówó.*

Ní Dùgbẹ̀ àti ní Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta bọ́tìnì, síìpù àti òwú ìránṣọ. Ẹ béèrè wúùlù nítìn, kí ẹ sì sọ pé nítìn ni, torí bí ẹ bá ní wúùlù lásán, ti irun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ rẹ̀ sí yín.

Ṣé ti irun ò ṣe é hun? Ó ṣe é hun. Ẹ lè fi kọ́ṣẹ́, ẹ lè fi hun àpò kékeré. Fún ara ọmọ ni mi ò gbà. Òmíràn nínú rẹ̀ ń họ awọ, òmíràn ń yọ àwọ̀, pàápàá dúdú àti pupa. Ẹ rẹ ègé kan sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ fi aṣọ funfun fún un. Bí aṣọ funfun yẹn bá ti yí padà, ẹ fi sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní wúùlù lọ́jà wa kì í ṣe irun àgùntàn. Akírílíìkì ni, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rá. Kì í ṣe ohun búburú. Kì í sún kì nínú omi, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, ó sì rọrùn láti fọ̀. Irun àgùntàn gidi, bí ẹ bá fi omi gbígbóná rún un, á kì pọ̀, fìlà àgbà á di ti ọmọ, kò sì ní padà mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gé ègé kékeré, kí ẹ fi nǹkan onírin mú un lókè àwo tó ní omi, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bíi bébà, òórùn bébà ni yóò máa rùn, eérú rẹ̀ á fúyẹ́. Irun àgùntàn á rùn bí irun tó jóná, iná rẹ̀ á sì máa fẹ́ kú fúnra rẹ̀. Akírílíìkì á yọ́, á kán, á wá di kóró dúdú líle. Ẹ má fi ọwọ́ kan kóró yẹn nígbà tó ṣì gbóná o, á lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ohun kan náà ló fà á tí a kì í fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ akírílíìkì: á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní fà mọ́ láéláé.

Àfikún kan: ẹ ra gbogbo èyí tí iṣẹ́ náà máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ tí wọ́n rẹ lónìí àti èyí tí wọ́n rẹ lóṣù tó ń bọ̀ kì í bára mu, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Nọ́ńbà ìrẹ aró máa ń wà lára bébà tó yí bọ́ọ̀lù ká, ẹ fi wéra kí ẹ tó sanwó.

* * *

*"Ṣé mo lè máa hun ún nínú Máíkírà?"*

Ẹ lè ṣe é, bí ó bá jẹ́ nǹkan kékeré, tí ẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹni mẹ́ta ló máa ń wà lẹ́yìn, ìgbọ̀nwọ́ yín ò gbọdọ̀ máa gún ẹni ẹlẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ẹ fi ìdérí bírò bo ẹnu pínnì, torí búrékì òjijì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ti dùn jù. Ẹni tó ń bínú sí ọkọ̀ tó wà níwájú á rí i pé òun ti hun òkè mẹ́wàá.

Èyí tó dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ ni alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ ò nílò kí ẹ máa wo pìléènì bí ẹ ṣe ń hun ún. Ìka á máa wá ojú tó kàn fúnra rẹ̀, ẹ ó máa bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, kò ní sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni torí bátìrì ti kú. Ìjókòó ọ̀sán níbi tí aboyún ti ń dúró de nọ́ọ̀sì náà dára fún un.

Ẹni tó béèrè láti Sàńgo bóyá òun lè máa hun ún nínú ilé ìjọsìn: ẹ fi í sílé. Mi ò ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣùgbọ́n pínnì ń dún, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín wá gbọ́ ìwàásù ni.

* * *

*Láti Òkè-Àdó: "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nítìn ò lérè. Kúróṣè ni àwọn ọmọ òde òní ń fi ra ilẹ̀. Kí ni ìyá máa fi àsìkò ṣòfò fún?"*

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ní ti ọjà, òótọ́ ni ọmọ ìyá sọ, òótọ́ lẹ̀yin náà sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Láti ọdún 1589 ni William Lee ti ṣe ẹ̀rọ tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń bá ọwọ́ díje nínú nítìn, ẹ̀rọ ló sì borí. T-ṣáàtì tí ẹ wọ̀ yẹn, ẹ wò ó dáadáa lójú oòrùn: ojú nítìn kéékèèké ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kádígánnì tí ẹ fi oṣù kan hun, ẹgbẹ́ òkìríkà ni oníbàárà máa gbé e sí, á sì bi yín pé ṣé kò ní dín. Kúróṣè yàtọ̀. Títí di òní, kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe kúróṣè gidi bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá rí báàgì kúróṣè mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ṣì dúró. Bí ó bá jẹ́ owó lẹ ń wá, ẹ kọ́ kúróṣè, mi ò ní bá yín jà.

Ṣùgbọ́n ìyá ò béèrè bí òun ṣe lè rówó. Ó ní òun fẹ́ hun nǹkan fún ọmọ tí wọ́n ń retí. Nígbà wo ló di dandan pé kí gbogbo ohun tí obìnrin bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe di ọjà? Mo ti rí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, tí wọ́n gba ìsanwó àkọ́kọ́ kí ọwọ́ wọn tó dúró, tí oníbàárà ń pè ní òwúrọ̀, tí ó ń pè lálẹ́, títí tí pínnì fi di ohun ìkórìíra lójú wọn. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ má tà á. Ẹni tó bá fi dandan lé e pé òun fẹ́ rà á, ẹ ṣírò owó òwú, ẹ ṣírò wákàtí tí ẹ fi jókòó, kí ẹ dá iye tó tọ́ fún wákàtí yẹn. Bí ojú bá ń tì yín láti pe iye náà, ẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀bùn níyì. Títa á ní owó pọ́ọ́kú ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, fún yín àti fún àwọn tó ń fi jẹun.

Ohun kan ṣì wà tí nítìn fi ju kúróṣè lọ fún ọmọ: ó ń fà. Kúróṣè máa ń nípọn, ó máa ń gan díẹ̀, ó sì ń jẹ òwú jù. Fìlà nítìn á fà bí orí ọmọ ṣe ń dàgbà, á sì máa dì í mú wọ́ọ́rọ́wọ́.

* * *

*"Ọkùnrin ni mí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé mo lè kọ́ ọ?"*

Ta ló fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ lọ sí Ìṣẹ́yìn, kí ẹ wo àwọn tó jókòó sídìí òfì aṣọ òkè. Ọkùnrin ni wọ́n, láti ìran dé ìran. Aṣọ tí wọ́n ń kó wá sí ọjà Òjé, ọwọ́ ọkùnrin ló hun púpọ̀ nínú rẹ̀. Okùn ò mọ akọ, kò mọ abo. Ẹ ra pínnì yín.

* * *

*Ìyá Mọ̀níyà padà wá: "Aṣọ ìwẹ̀ yẹn ti yé mi. Fìlà ńkọ́?"*

Fìlà nìyí, èyí tó rọrùn jù tí mo mọ̀. Wúùlù tó bá pínnì 4 mm mu, tí ojú 22 rẹ̀ ń tó 10 cm. Bọ́ọ̀lù 100 g kan á tó fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, á sì ṣẹ́kù.

Ẹ kó ojú 70. Kí ẹ hun pìléènì méjì, pọ́ọ̀lù méjì, pìléènì méjì, pọ́ọ̀lù méjì, títí dé òpin ìlà. Pìléènì méjì ni yóò parí rẹ̀. Ní bíbọ̀, pọ́ọ̀lù méjì lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, pìléènì méjì á tẹ̀lé e. Ẹ wo ohun tó wà níwájú yín kí ẹ máa ṣe bó ṣe wà: ojú tó tẹ́jú, ẹ hun ún ní pìléènì; ojú tó ní kókó lọ́rùn, ẹ hun ún ní pọ́ọ̀lù. Ẹ máa bá a lọ títí yóò fi ga tó 15 cm. Ní ìlà tó kẹ́yìn, ẹ máa hun ojú méjì méjì pọ̀, á ku 35. Ẹ gé okùn, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá kó o gba inú gbogbo ojú náà, ẹ fà á pọ̀ kó dì, kí ẹ fi okùn yẹn kan náà rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa.

Orí ọmọ tuntun máa ń tó nǹkan bí 35 cm yípo. Fìlà náà á kéré sí i lójú. Ẹ má bẹ̀rù, híhun méjì méjì yìí ló ń fà jù. Ẹ má so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn níbi ọrùn, ẹ má rán bọ́tìnì sí i, ọmọ lè já a kó gbé e mì. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ìbora lẹ fẹ́ hun, ẹ má ṣe ihò ńláńlá sí i, ìka ọmọ máa ń há síbẹ̀. Ẹ sì bá mi sọ fún ìyá ọmọ pé bí ara ọmọ bá gbóná, tí àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ń làágùn, kó bọ́ fìlà kúrò. Bí ọmọ bá ti ń sùn nínú ilé tí ojú ọjọ́ kò tutù, kí fìlà má wà lórí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá nípa ooru ti wúlò nìyẹn.

* * *

*Ẹnì kan gbà wá nímọ̀ràn pé bí ìyá bá hun wọ́n tán, kó fi káńfọ̀ sínú àpò pẹ̀lú wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n títí ọmọ á fi dé.*

Rárá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá ka ohun mìíràn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ka èyí.

Nínú ọ̀pọ̀ káńfọ̀ oníkóró funfun tí a ń rà lọ́jà ni kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ naphthalene. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD tó. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, a ò sì lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti wà lára rẹ̀, òórùn tó ń fà símú àti èyí tó ń gba awọ ara wọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ á pọ́n bíi yẹ́lò, ara rẹ̀ náà á pọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ibà pọ́njú yẹn bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ títí ayé, ó sì lè pa ọmọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kìlọ̀ fún aboyún nílé ìwòsàn. Aṣọ tí ìyá àgbà fi ìfẹ́ kó pamọ́ ni ewu yìí sábà máa ń bá wọlé.

Akírílíìkì àti òwú kò nílò káńfọ̀. Irun àgùntàn ni kòkòrò yẹn ń wá. Ẹ fọ ohun tí ẹ hun pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, ẹ má lọ́ ọ, ẹ fún un pẹ̀lẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní kó gbẹ, torí bí ẹ bá fi kọ́ okùn nígbà tó ṣì kún fún omi, á fà gùn. Bó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí. Ó tán. Bí aṣọ kan bá ti bá káńfọ̀ gbé rí, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun.

* * *

*Ìyá Mọ̀níyà: "Mo ti ra òwú, mo ti bẹ̀rẹ̀ aṣọ ìwẹ̀ náà. Ojú 40 ni mo kó. Mo kà á lónìí, ó ti di 47, aṣọ sì ń fẹ̀ sí i lọ sókè. Àbúrò mi ní kí n tú gbogbo rẹ̀. Mo sì ti gbàgbé bí a ṣe ń hun pọ́ọ̀lù."*

Ẹ má tú nǹkan kan. Ẹ kú iṣẹ́!

Ibi tí ojú méje yẹn ti wọlé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀rẹ̀ ìlà, bí okùn bá gba orí pínnì lọ sẹ́yìn, ojú àkọ́kọ́ máa ń là sí méjì, ẹsẹ̀ méjèèjì ń hàn, ẹ ó wá hun ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ojú méjì ni. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fa okùn wá sísàlẹ̀ pínnì, kí ẹ tó gbé e lọ sẹ́yìn láti abẹ́. Bí ẹ bá sì rí ihò láàárín aṣọ, okùn ló gorí pínnì níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Ní ìlà tó kàn, ẹ hun ojú méjì pọ̀ nígbà méje, kí ẹ pín wọn káàkiri ìlà náà kó má baà fún mọ́ ojú kan. Ẹ ti padà sí 40. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rí gọ́ngọ̀gọ́ngọ̀ díẹ̀, ọmọ tí ẹ fẹ́ fi wẹ̀ kò ní bínú. Láti ìsinsìnyí, ẹ máa ka ojú bí ẹ bá ti parí òkè kan. Bí ojú kan bá bọ́, tí ẹ rí i tó ń sá lọ sísàlẹ̀ bí àkàsọ̀, ẹ ya pínnì kúróṣè ọmọ yín, ẹ fi kọ́ ojú náà, kí ẹ máa fa okùn kọ̀ọ̀kan gba inú rẹ̀ wá sókè títí á fi dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà.

Bí ẹ bá ń pa ojú rẹ̀ ní ìparí, ẹ lo pínnì tó tóbi ju èyí lọ díẹ̀, kí etí òkè má baà fún. Kí ẹ wá kó ojú 70 fún fìlà. Ní ti pọ́ọ̀lù tí ẹ ní ẹ ti gbàgbé: okùn á wà níwájú, pínnì á wọ ojú láti ọ̀tún sí òsì níwájú pínnì kejì, ẹ wé okùn yípo ẹnu rẹ̀, kí ẹ tì í jáde lẹ́yìn. Ẹ fi òwú tó bá ṣẹ́kù dán an wò ná.